Àyẹ̀wò Lyme ọkọ mi: IgM ní bẹ́ẹ̀ ni, IgG ní bẹ́ẹ̀ kọ́

Ìyá Ìbejì, Maryland
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Láti oṣù kẹta ni ara ti ń ro Bàbá Ìbejì. Èjìká, ọrùn-ọwọ́, kó tó gun àtẹ̀gùn ilé dé òkè, á ti máa mí hẹlẹ. Iṣẹ́ gígé koríko ló ń ṣe lópin ọ̀sẹ̀, àgbọ̀nrín sì pọ̀ lẹ́yìnkùlé àwọn tó ń bá ṣe é. Kò rántí pé eégbọn lẹ̀ mọ́ òun rí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nínú oṣù kẹsàn-án, dókítà ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún Lyme, àìsàn tí eégbọn máa ń kó ranni. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni èsì já sórí fóònù, a ò rí ẹni bi. ELISA, àyẹ̀wò àkọ́kọ́: pọ́sítíìfù. Western blot, èkejì tó ń fi ìlà hàn lórí bébà, IgM: pọ́sítíìfù, ìlà tí wọ́n ń pè ní 23 àti 41. IgG: nẹ́gẹ́tíìfù, ìlà 41 nìkan ló hàn. Ṣé ó ní in ni àbí kò ní in? Mi ò tíì sùn.

Ọmọ Láàbù, Pennsylvania
Ẹ kú àìsùn, mà. Èmi kì í ṣe dókítà, àmọ́ irú ìwé yìí ń gba ọwọ́ mi kọjá lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn ìlà yẹn sílẹ̀ ná; ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.

Àyẹ̀wò yìí kò wá kòkòrò àrùn fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ara kó jáde láti bá a jà ló ń wá. Nínú wọn, IgM ló máa ń ṣáájú, IgG á tẹ̀ lé e láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òun ló sì ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1995 ní kí IgM ní ìlà 2 nínú 3, kí IgG ní 5 nínú 10. Ó tún ní tí àìsàn bá ti lé ní 30 ọjọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi IgM nìkan dájọ́. Oṣù mẹ́fà rèé, mà. Ká ní Lyme ló ń bá Bàbá Ìbejì jà láti ọjọ́ yìí, ó yẹ kí IgG wọn ti kún fún ìlà.

Ìlà 41 yẹn, ìrù tí kòkòrò náà fi ń lúwẹ̀ẹ́ ló ń tọ́ka sí. Ọ̀pọ̀ kòkòrò mìíràn ló ní irú ìrù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó máa ń hàn nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le koko. Ìlà 23 ńkọ́? Mo máa ń gbé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ náà sábẹ́ iná, ìlà á ṣe bàìbàì bíi pélé ojú àgbàlagbà tó ti ń parẹ́. Èmi á ní ó wà, ẹnìkejì mi á ní kò sí.

Lójú tèmi, èsì yìí kò tọ́ka sí Lyme. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń ṣe wọ́n. Ẹ ní kí dókítà wo thyroid, kó wo bóyá ẹ̀jẹ̀ wọn tó, kó wo oríkèé. Mímí hẹlẹ yẹn, ẹ tètè sọ ọ́ fún un.

Bọ̀dá Wálé, Connecticut
Ìpínlẹ̀ wa níbí ni ìlú Lyme wà, ibẹ̀ ni àìsàn náà ti gba orúkọ. Tèmi yàtọ̀ sí tiyín, mà. Nǹkan róbótó jáde lẹ́yìn orúnkún mi, ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, kò yún mi, kò ro mí. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, kì í sábà pọ́n. Tèmi ṣú bí ojú ibi téèyàn fara gbá. Nọ́ọ̀sì ní làpálàpá ni, ó fún mi ní ìpara. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lọ́jọ́ kẹfà: nẹ́gẹ́tíìfù, kí n máa lọ. Ọmọ ogun wo ló máa ti jáde lọ́jọ́ kẹfà? Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin orúnkún mi wú bí àgbọn, IgG wá ní ìlà mẹ́jọ. Doxycycline ọjọ́ 28 ni mo lò. Inú ṣì ń bí mi. Tí àmì yẹn bá ti hàn, oògùn ló kàn, a kì í dúró de ẹ̀jẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Maryland
Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an, Bọ̀dá Wálé. Ṣé wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò lẹ́yìn oògùn?

Ọmọ Láàbù, Pennsylvania
Kò wúlò, mà. IgG lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí àìsàn ti lọ. Orúnkún ni kí wọ́n máa wò.

Ìyá Ìbejì, Maryland
Ẹ ṣeun, ọmọ dáadáa. Mo jí ọkọ mi, mo bi í léèrè ọjọ́. Ó ní ọjọ́ ìkómọ ọmọ àbúrò òun ni, Sátidé kejì nínú oṣù kẹta, tí òun fẹ́ gbé kúlà ohun mímu tí apá òun kọ̀. Mo ti kọ ọ́ sórí ìwé. Ilẹ̀ bá ti mọ́, màá pe dókítà.