Ó ti yanjú: ọ̀rọ̀ namespace inú XML mi

Ẹ kú àdúrótì o. Mo béèrè lọ́jọ́sí ìdí tí schema (ìwé òfin tó ń sọ bí fáìlì ṣe gbọ́dọ̀ rí) kò fi gba fáìlì XML mi, ìyẹn fáìlì tí a fi àmì bíi <oruko> to dátà sí, tó ní òun ń retí "oruko", bẹ́ẹ̀ "oruko" gan-an ló bá níbẹ̀. Mo ti rí i. xmlns tí mo kọ sára gbòǹgbò (element, ìyẹn àmì, tó yí gbogbo ìyókù ká) kó gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀, ìyẹn àwọn element inú rẹ̀, sínú namespace, tó dà bí ìdílé fún orúkọ wọn, ṣùgbọ́n n kò kọ elementFormDefault, tó ń sọ bóyá àwọn ọmọ náà gbọ́dọ̀ wà nínú namespace, sínú schema. Tí a kò bá sì ti kọ ọ́, "unqualified" (kò sí nínú namespace) ló ń jẹ́: nínú schema tèmi, gbòǹgbò nìkan ni yóò retí nínú namespace. Orúkọ kan náà, ìdílé ọ̀tọ̀! Mo fi elementFormDefault="qualified" sára xs:schema, àmì tó bẹ̀rẹ̀ schema, ó sì gba fáìlì náà lójú ẹsẹ̀. Àwọn attribute (àlàyé tí a ń kọ sínú àmì fúnra rẹ̀, bíi id="1") ò yí padà rárá, nítorí xmlns lásán, tí kò ní prefix (àkọ́kọ orúkọ bíi xs:), kì í kàn wọ́n. Ẹni tó ní kí n wo òkè schema, ẹ ṣeun gan-an ni.