Afàyàfà, arákò, ẹlẹ́jẹ̀ tútù: èwo ni ká kọ sẹ́nu ilé ejò ní súù UI?

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ka ohun tẹ́ ẹ kọ, pé tí wọ́n bá máa kọ pátákó Yorùbá síbi tí wọ́n kó ọ̀nì, ejò àti ìjàpá (àwọn tí òyìnbó ń pè ní reptile) sí ní súù UI, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, "afàyàfà" ò dáa torí ìjàpá kì í fàyà fà, pé "ẹlẹ́jẹ̀ tútù" ló bá sáyẹ́ǹsì mu. Ẹ má bínú sí mi o, mi ò gbà.

Òótọ́ lẹ sọ nípa ìjàpá, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló fi ń gbé ara ẹ̀ kúrò nílẹ̀, ọ̀nì gan-an tó bá ń rìn lórí iyanrìn á gbé ikùn sókè dáadáa, ìgbà tó bá fẹ́ yọ́ wọ omi ló ń fàyà wọ́lẹ̀. Ekòló wá ń wọ́ nílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó kà á mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ṣé afọ́mọlọ́mú kọ́ la kọ sínú ìwé fún màlúù àti ewúrẹ́ ni? Òbúkọ wo lẹ rí tó ń fọ́mọ lọ́mú? Kò sẹ́ni tó bá wọn jà sí ìyẹn. Afàyàfà ti wọlé, àwọn tíṣà ń lò ó, ẹ jẹ́ ó jókòó síbẹ̀.

"Arákò" tẹ́nì kan mú wá láti inú Jẹ́nẹ́sísì, ó fẹ̀ jù, kòkòrò náà ń rákò.

Ẹlẹ́jẹ̀ tútù yìí ló ń bí mi nínú jù. Ní Ìbàdàn níbí, tí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ ń gbóná lára ọmọkùnrin kan, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ẹlẹ́jẹ̀ tútù á wá dà bí ẹni pẹ̀lẹ́, ẹ lọ sọ fún ẹni tí paramọ́lẹ̀ bù jẹ pé ẹni pẹ̀lẹ́ ni. Kò tiẹ̀ tún jóòótọ́. Alángbá tó ń mi orí lórí fẹ́ǹsì ní Bódìjà lọ́sàn-án gangan, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè gbóná tó tiwa. Ohun tó yàtọ̀ ni pé kò lè fi oúnjẹ dáná sára bíi tiwa, ìta ló ti ń gba ooru, ìdí nìyẹn tí erè fi lè wà lóṣù mélòó kan láìjẹun tí kò sì kú. Súù UI yẹn náà, ní 1948 tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Zoology ni, 1974 ló tó di súù gidi, ẹ má jẹ́ ká lọ kọ irọ́ síbẹ̀ fún ọmọdé.

Tèmi ni "ayáòòrùn". Ẹ ti fẹ́ sọ pé ewúrẹ́ náà ń yáòòrùn lọ́yẹ́, àwa náà sì ń yá a. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ tí oòrùn ò bá ràn, ara ewúrẹ́ ò ní torí ẹ̀ tutù, alángbá ní tiẹ̀ á kàn máa wọ́ ẹsẹ̀ ni, ọmọdé á mú un. Abo erè tó yé ẹyin, á jáde lọ yáòòrùn, á padà wá ká ara mọ́ ẹyin kí ooru lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ti ọ̀nì tún ga, bí ibi tó sin ẹyin sí bá ṣe gbóná tó ló ń sọ bóyá akọ ni wọ́n máa pa àbí abo. Ọmọ́ńlé tó ń jáde lálẹ́ ńkọ́? Ògiri tó ti gba oòrùn látọ̀sán ló ń fún un ní tiẹ̀.

Torí náà afàyàfà ni kí wọ́n kọ gàdàgbà sókè, kí ayáòòrùn wà nísàlẹ̀ ẹ̀, iṣẹ́ wọn ò pa pọ̀, ọ̀kan lorúkọ ẹgbẹ́, ìkejì ni ìwà wọn.

Ibi tí mo ti nílò ìrànlọ́wọ́ yín ni erè àti òjòlá. Oríṣi méjì ló wà lápá ọ̀dọ̀ wa, èyí ńlá tó lè gùn tó mítà 4 sí 5, àti èyí kékeré tó ń ká jọ bíi bọ́ọ̀lù, tí kì í sábà ju mítà 1.5 lọ. Ẹnu àwọn èèyàn ò kò, àwọn kan ń pe méjèèjì lérè, àwọn kan ń pè wọ́n lójòlá. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Ìbàràpá tí bàbá yín ń ṣọdẹ, èwo lẹ fi ń pe èwo?