Àgbọ̀n ń dùn wá, wọ́n ní kì í pààyàn: báwo lẹ ṣe rówó ìtọ́jú?

Ọmọ Ìsánlú
Òkun o, gbogbo ilé. Ọdún kẹta rèé tí àgbọ̀n ti ń yọ ìyàwó àbúrò mi lẹ́nu. Bó bá ya ẹnu, á ró kà níwájú etí. Nígbà mìíràn ẹnu á há, ìka kan ṣoṣo ni yóò gbà. Etí la kọ́kọ́ tọ́jú, a ro oògùn sí i títí. Wọ́n yọ eyín méjì, ìrora ò gbọ́. Ní báyìí wọ́n ní ká máa gbé e lọ sí Ìlọrin, wọ́n sì ti ń dárúkọ iṣẹ́ abẹ. A bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó, ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn ń bi wá: "Ṣé àgbọ̀n ń pààyàn ni?" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dá irú owó yìí rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ìyá Dúpẹ́
Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á bá wa wò ó.

Alákáṣú
Ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ náà dáadáa o. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan fi ìwé ìtọrọ owó sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa: "E DAKUN E RAN WA LOWO, AGBON NI." Àgbọn ni mo kà á sí. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ máa gbìn ín ni.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀
Agbọ̀n lèmi kà á sí, mo ṣebí ọjà ni wọ́n fẹ́ fi kó. Mo fi ₦500 ránṣẹ́. Ẹnì kan tiẹ̀ ń júwe oògùn agbọ́n tó ta ni. 😂

Ọmọ Ìjùmú
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, ẹ má bú mi. Orí ọ̀kadà ni mo ti ṣubú lójú ọ̀nà Kàbà, àgbọ̀n ni mo fi gbálẹ̀. Ojú egbò jinná, àgbọ̀n ò jinná. Àgbàdo sísun, ẹran, ẹ̀pà, mo fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ilé wa, iyán la fi ń ṣe àlejò, iyán kì í sì í ṣe oúnjẹ eyín, èèyàn kàn ń gbé e mì ni. Mò ń jẹ iyán. Ohun tó ba tèmi jẹ́ nìyẹn! Ìyá ọkọ mi ní àìsàn wo ló ń ṣe ẹni tó ń gbé òkèlè mì báyìí. Níbi òkú, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á jókòó, wọ́n á máa ka òkèlè mi.

Àkàrà ni mò ń tà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, mi ò lè dá oníbàárà lóhùn mọ́. Dókítà kan ní iṣẹ́ abẹ ni. A dáwó. Ṣọ́ọ̀ṣì gbé igbá fún mi ní ọjọ́ Ìsinmi méjì, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Àbújá fi tiwọn ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi kó gbogbo owó káṣú ọdún yẹn sílẹ̀. Ó di ₦640,000. Mo gbéra, ó di Ìbàdàn. Dókítà tó rí mi níbẹ̀ ní kí n to ìka mẹ́ta léra, kí n tì wọ́n bọ ẹnu. Méjì ló gbà. Wọ́n ya fọ́tò, ó tẹ àgbọ̀n mi síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wá bi ọkọ mi bóyá mo máa ń pa eyín keke lójú oorun. Ọkọ mi ní, "Bí eku tó ń jẹ pákó." Dókítà ní kò gba ọ̀bẹ. Wọ́n wọn eyín mi, wọ́n ṣe ike kan tí mo máa ń fi bo eyín sùn, wọ́n kọ́ mi bí n ó ṣe máa na àgbọ̀n, wọ́n ní kí n máa fi aṣọ gbígbóná lé e. Tọkọ̀ toògùn, ₦230,000 ló lọ.

Mo délé, wàhálà dé. Wọ́n ní ojú abẹ dà? Kí n gbójú sókè kí àwọn wò ó! Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ síbí: nínú èyí tó kù, mo fi ₦150,000 san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, torí oṣù mẹ́rin ni mi ò fi tajà.

Tíṣà Gbẹ̀dẹ̀
Ta ló yọ̀ǹda ₦150,000? Owó àgbọ̀n ni wọ́n dá, wọn ò dá owó ilé-ìwé.

Ìyá Dúpẹ́
Tíṣà, ẹni tí ò tajà fún oṣù mẹ́rin, kí ni kó fi tọ́mọ?

Tíṣà Gbẹ̀dẹ̀
Kó béèrè ni. "Ẹ̀yin ará, owó ṣẹ́kù, ṣé kí n fi ṣe báyìí?" Ó tán. Irú èyí ni kì í jẹ́ kí ẹni tó kàn rí kọ́bọ̀.

Alákáṣú
Ẹ̀gbọ́n tó kó owó káṣú ọdún kan sílẹ̀ ò sọ̀rọ̀, ẹni tó fi ₦1,000 sílẹ̀ ló ń wá àpá abẹ.

Ọmọ Ìjùmú
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n.

Díákónì
Ní tiwa, akápò ló ń bá aláìsàn lọ, òun ló ń sanwó. Ó dáa títí di ọjọ́ tí akápò fi oúnjẹ tirẹ̀ àti ibi tó sùn kún un. Ìṣirò rẹ̀ gùn ju ti aláìsàn lọ.

Ọmọ Bùnú
Owó kí lẹ tiẹ̀ ń dá? Ìyá àgbà wa yán, àgbọ̀n yẹ̀. Bàbá kan gbá a létí gbàá, ó padà síbẹ̀. Kọ́bọ̀ ò jáde.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀
Etí náà ńkọ́, ó ṣì ń gbọ́ràn?

Nọ́ọ̀sì
Ẹ má gbá ẹnikẹ́ni létí o! Àgbọ̀n tó yẹ̀ níbi téèyàn ti ń yán, àtàǹpàkò méjèèjì ni wọ́n fi ń tẹ ibi eyín ẹ̀yìn sísàlẹ̀ kí wọ́n tó tì í sẹ́yìn, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló sì ń ṣe é. Ti ìyàwó yìí yàtọ̀. Iwájú etí ni àgbọ̀n ti so mọ́ agbárí, nǹkan kan wà láàárín wọn bíi tìmùtìmù. Bó bá ti yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, òun ló ń ró kà, òun náà ló lè mú kí ẹnu há. Ẹ̀gbẹ́ etí ló wà, ìdí rèé tẹ́ ẹ fi ń ro oògùn sí etí. Púpọ̀ nínú wọn ò débi ọ̀bẹ. Àwọn tí egungun wọn ti so pọ̀, tí ẹnu ò là mọ́, pàápàá ọmọdé tó ṣubú, àwọn ni abẹ sábà máa ń kàn. Kẹ́ ẹ tó kọ owó abẹ sínú ìwé, ẹ jẹ́ kí dókítà eyín àti àgbọ̀n rí i ná.

Tíṣà Gbẹ̀dẹ̀
Nọ́ọ̀sì, Ọmọ Ìjùmú lẹ ń gbè yẹn.

Nọ́ọ̀sì
Àgbọ̀n ni mò ń gbè, Tíṣà.

Ọmọ Ìjùmú
Tíṣà, mo gbọ́. ₦260,000 ṣì wà. Mo sọ fún pásítọ̀, ó ní kí n ní sùúrù, oṣù keje rèé. Ike náà sì ti ń là, wọ́n máa ṣe òmíràn. Ìrora yìí dín kù ni, kò lọ. Ṣé kí n mú un níbẹ̀ àbí kí n tún gbé igbá?

Tíṣà Gbẹ̀dẹ̀
Mú un níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Ìsánlú
Ọjọ́ Ajé la ń lọ. Mo ti yọ "iṣẹ́ abẹ" kúrò nínú ìwé wa, owó ọkọ̀, fọ́tò àti àyẹ̀wò la kọ. Mo sì ti fi àmì sórí àgbọ̀n.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀
Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì síbí. Alákáṣú, ₦500 mi ọjọ́sí, ṣé wọ́n ra agbọ̀n náà?