Mò ń mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan burúkú ń bẹ nítòsí mi, àmọ́ mi ò lè gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́

Ẹni tó ní ìbéèrè:

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo fi orúkọ bò, tẹ́ ẹ bá kà á tán ẹ máa mọ ìdí ẹ̀. Mi ò lè sọ ọ́ nílé torí onígbàgbọ́ paraku làwọn òbí mi, tí n bá ní mi ò mọ̀ bóyá Ọlọ́run wà mọ́ ẹkún ni wọ́n máa sun, tí n bá sì lọ sọ nǹkan tó ń ṣe mí lóru wọ́n á ní ṣebí àwọn wí bẹ́ẹ̀.

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí àdúrà ò ti wọ̀ mí lára mọ́. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, kì í sì í ṣe pé mo lọ ń ka ìwé àwọn tó ní kò sí Ọlọ́run o. Mo kàn ń gbàdúrà lọ ní tèmi ni, ó wá ń ṣe mí bíi pé èmi nìkan ni mò ń dá sọ̀rọ̀. Mo ní á kọjá, kò kọjá.

Ibi tó wá rú mi lójú rèé. Láàárín òru mo máa ń jí, ojú mi á là sílẹ̀ kedere, mo máa rí yàrá mi bó ṣe wà gẹ́lẹ́, àmọ́ mi ò ní lè gbé ọwọ́, mi ò ní lè gbé ẹsẹ̀, mo fẹ́ pariwo ohùn ò ní jáde, mo sì máa mọ̀ dájú pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Mi ò rí ojú ẹ̀ o. Mo kàn mọ̀ pé ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń wò mí, kò sì fẹ́ ire fún mi. Ìgbà míì á gun àyà mi, èémí ò ní fẹ́ wọlé dáadáa, tó bá ṣe díẹ̀ á fi mí sílẹ̀. Kì í tún ṣe ojú oorun nìkan. Mo lè máa fọ abọ́ lálẹ́ témi nìkan wà nílé, kí orí mi ṣàdédé wú, kí ara mi bù máṣọ, kí n mọ̀ pé nǹkan wà lẹ́yìn mi.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, báwo lèèyàn ṣe ń mọ ẹ̀mí burúkú lára báyìí kó má sì mọ Ọlọ́run lára rárá? Ṣé torí mi ò gbàgbọ́ mọ́ ni wọ́n ṣe rí àyè ni? Tí n bá sì padà torí ẹ̀rù, ṣé ìgbàgbọ́ nìyẹn àbí ibi tí n máa sá sí ni mò ń wá? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kàn ní kí n gbàdúrà. Mo ti gbà á, ó ń ṣe mí bíi pé irọ́ ni mò ń pa.

Ajíhìnrere:

O ti dáhùn ìbéèrè ara ẹ. Lọ ka Mátíù orí 12 láti ẹsẹ 43. Ẹ̀mí àìmọ́ jáde lára èèyàn, ó padà wá, ó bá ilé lófìfo, ó lọ kó méje míì tó burú jù ú lọ wá. Ìwọ lo tú ilé sílẹ̀. Ronú pìwà dà kílẹ̀ tó ṣú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ rọra. Ẹni tí ò rí oorun sùn lẹ̀ ń dẹ́rù bà yẹn.

Àbúrò mi, tọkùnrin tobìnrin, olùjọsìn àti ẹni tí kì í ṣe, ni nǹkan tó o sọ yìí máa ń ṣẹlẹ̀ sí, àwọn dókítà ń pè é ní sleep paralysis. Oorun wa pín sí oríṣiríṣi, oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní REM, ibẹ̀ la ti sábà máa ń lá àlá tó lágbára jù. Tá a bá ti wọ ibẹ̀, ọpọlọ máa dá àwọn iṣan ara dúró kéèyàn má baà dìde máa sáré tàbí máa jà torí àlá. Nígbà míì wàá jí kí ọpọlọ tó dá àwọn iṣan yẹn sílẹ̀. Ojú ti là, ara ò tíì là, àlá náà ò sì tíì kúrò tán, ó wá ń bá yàrá tó o ń rí yẹn lọ pọ̀. Ti àyà tó ń wúwo yẹn, iṣan tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ṣì ń ṣiṣẹ́, òun ló ń mí fún ẹ, àmọ́ àwọn iṣan tó wà láàárín egungun ìhà ti rọ̀, nítorí náà tó o bá fẹ́ fi tipátipá mí kanlẹ̀ kò ní ṣeé ṣe, ó máa dà bíi pé wọ́n jókòó lé ẹ láyà. Ibi tó ń ṣọ́ ewu fún wa nínú ọpọlọ sì ti jí pátápátá, ó ń pariwo ewu, ewu, láìrí nǹkan kan. Ọpọlọ kì í fẹ́ bẹ̀rù lásán, á wá ẹni tí wàá máa bẹ̀rù fún ẹ.

Kò bẹ̀rẹ̀ lónìí o. Ní 1781 ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Henry Fuseli ya obìnrin kan tó fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ẹ̀dá kan tó rorò jókòó sórí àyà ẹ̀. Èèyàn tó bá ti ní in rí wo àwòrán yẹn, kò nílò àlàyé.

Ohun tó máa ń fà á jù ni àìsùn tó, sísùn lónìí láago yìí lọ́la láago tọ̀hún, wàhálà ọkàn, àti fífẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Tó bá dé, má bá a jìjàkadì, gbájú mọ́ ìka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kó o gbìyànjú láti mì ín, rọra máa mí ní díẹ̀díẹ̀. Kì í pẹ́ tó fi ń lọ.

Oníyèméjì:

Èmi ò gbà pé Ọlọ́run wà, ẹ má ṣépè fún mi. Ó máa ń ṣe èmi náà. Mo mọ gbogbo àlàyé tí nọ́ọ̀sì ṣe yẹn látorí, síbẹ̀ tó bá dé lóru àyà mi ṣì ń já pàì. Nítorí náà má rò pé ìgbàgbọ́ ẹ tó ṣá ló ṣílẹ̀kùn, mo mọ àwọn tó ń ṣọ́ òru nílé àdúrà tó ń ṣe wọ́n jù mí lọ. Nǹkan tí n máa fẹ́ kó o kíyè sí ni pé o ti da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Kí ló wà nínú yàrá mi? Ọ̀rọ̀ kan nìyẹn. Ṣé Ọlọ́run wà? Òmíì nìyẹn. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ti àkọ́kọ́ gba ìdáhùn ti èkejì lọ́wọ́ ẹ láago méjì òru.

Ajíhìnrere:

Tó bá jẹ́ ti oorun ni, ti abọ́ fífọ̀ ńkọ́? Ó sùn síbi abọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Ìbéèrè gidi nìyẹn sà, mi ò ní fojú fò ó. Ní 2006 àwọn dókítà kan ní Switzerland, Olaf Blanke ló ṣáájú wọn, ń yẹ ọpọlọ obìnrin kan tó ní wárápá wò kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n fi iná mànàmáná díẹ̀ kan ibì kan lápá òsì ọpọlọ ẹ̀, lókè etí níbẹ̀ yẹn, lobìnrin náà bá ní ẹnì kan wà lẹ́yìn òun. Ó dìde jókòó ó dì mọ́ orúnkún, ó ní ẹni yẹn náà ti jókòó, ó sì ti dì mọ́ òun, kò bá òun lára mu. Tí wọ́n bá yọ iná, ẹni náà á lọ. Ara tiẹ̀ fúnra ẹ̀ lọpọlọ ẹ̀ ń kà sí ti ẹlòmíì. Ẹni tí ò bá sùn tó, tó ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀, tó dá wà nílé, ọpọlọ ẹ̀ lè ṣe irú ẹ̀ láìsí iná kankan.

Mo tún fẹ́ bi ẹ́, àbúrò: ṣé nǹkan kankan wà tó ń jó nínú ilé tó ò ń sùn, jẹnẹrétọ̀ nítòsí fèrèsé, tàbí ẹ̀rọ gáàsì tó ń mú ilé gbóná? Dókítà ojú kan kọ̀wé ní 1921 nípa ìdílé kan tó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nílé, tí wọ́n ń mọ̀ pé ẹnì kan ń tẹ̀ lé wọn, orí ń fọ́ wọn, ara wọn ò le. Èéfín carbon monoxide ló ń jò látinú ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Wọ́n tún un ṣe, gbogbo ẹ̀ tán. Afẹ́fẹ́ yẹn ò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn, ẹ má fi ṣeré.

Ọ̀rẹ́ Ìwé:

Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un torí ó bá ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn mu, èyí tó ní báwo lèèyàn ṣe ń mọ ẹ̀mí burúkú lára kó má mọ Ọlọ́run. Ní May 1916, Ernest Shackleton, arìnrìn-àjò tó máa ń lọ ṣàwárí ilẹ̀ yìnyín, àtàwọn méjì, Frank Worsley àti Tom Crean, rin orí òkè yìnyín erékùṣù South Georgia kọjá, wákàtí mẹ́rìndínlógójì láìsí oorun gidi, kí wọ́n lè wá ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ wọn tó há sọ́nà. Lẹ́yìn náà Shackleton ní ó sábà máa ń ṣe òun bíi pé àwọn mẹ́rin làwọn ń rìn. Àwọn méjì tó kù ní ó ṣe àwọn náà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ó ba òun lẹ́rù nínú wọn, kódà Shackleton gbà pé Ọlọ́run ló ń tọ́ àwọn sọ́nà. Ṣé ẹ rí i, nǹkan kan náà ni o: àárẹ̀, àìsùn, kéèyàn mọ̀ pé ẹnì kan wà níbí tójú ò rí. Shackleton ní Ọlọ́run ni, ìwọ ní ẹ̀mí burúkú ni. Nǹkan tí ara ẹ ń mọ̀ yẹn kò dárúkọ fún ẹ, ìwọ lo fún un lórúkọ, ẹ̀rù ló sì bá ẹ yan orúkọ ọ̀hún. Mi ò ní kò sí ẹ̀mí o. Mo ní kò tíì tó ẹ̀rí, yálà fún Èṣù tàbí fún Ọlọ́run.

Màmá Àgbà:

Ọmọ mi, mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ti Mátíù 12 tí wọ́n kọ́kọ́ sọ sí ẹ yẹn, kí wọ́n kà á délẹ̀: ìran burúkú tó ń béèrè àmì ni Jésù ń bá wí, kì í ṣe ọmọ tí ẹ̀rù ń bà. Ìwọ lọ ka Máàkù orí 9. Bàbá kan gbé ọmọ ẹ̀ tí ẹ̀mí ń dà láàmú wá, ó ti kúkú sú u, ó tiẹ̀ ní tí ẹ bá lè ṣe ohunkóhun. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ báyìí, ṣé ẹ máa sọ pé ìgbàgbọ́ ẹ̀ pé? Ó wá kígbe pé mo gbàgbọ́, ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́. Jésù ò lé e padà pé kó lọ parí iyèméjì ẹ̀ ná, ọmọ náà gbádùn lọ́jọ́ yẹn. Tí àdúrà bá ń dà bí irọ́ lẹ́nu ẹ, sọ èyí tí kì í ṣe irọ́. "Mi ò mọ̀ bóyá ẹ wà níbẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí." Ìyẹn náà àdúrà ni.

Ti pé o ń mọ ẹ̀mí burúkú lára, Jákọ́bù 2 ẹsẹ 19 ní àwọn ẹ̀mí èṣù pàápàá gbàgbọ́, wọ́n sì ń gbọ̀n. Gbígbọ̀n kọ́ nìgbàgbọ́ nígbà náà. Ìyá Teresa tí gbogbo ayé mọ̀ kú ní 1997, nígbà tí wọ́n gbé àwọn lẹ́tà ẹ̀ jáde ní 2007 la rí i pé ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń gbàdúrà tí kò mọ Ọlọ́run lára rárá, ó sì ń tọ́jú àwọn aláìsàn lọ. Èmi gbà pé ẹ̀mí burúkú wà o, nọ́ọ̀sì ò lè yí mi lérò padà níbẹ̀, àmọ́ n kì í rí wọn nídìí gbogbo òru tí mi ò rí oorun sùn.

Alfa Kékeré:

Màmá ẹ ṣeun. Lọ́dọ̀ tiwa náà, àwọn sàhábà kan lọ bá Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, wọ́n ní nǹkan tó ń wá sọ́kàn àwọn burú débi pé ẹnu ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ó ní ìyẹn gan-an ni ìgbàgbọ́ tó hàn kedere, torí pé ó ń dùn wọ́n. Ó wà nínú ìwé hádíìsì tí Imam Muslim kó jọ. Ànábì Ibrahim sì bẹ Ọlọ́run kó fi bó ṣe ń jí òkú hàn òun, wọ́n ní ṣé o ò gbàgbọ́ ni, ó ní mo gbàgbọ́, kọ́kàn mi lè balẹ̀ ni, sura 2 áyà 260. Ẹni tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ò já mọ́ nǹkan kan fún kì í wá béèrè ohun tó o béèrè yìí.

Ẹni tó ní ìbéèrè:

Ẹ ṣeun gbogbo yín, ojú mi kún fómi níbi ti Màmá. Àárọ̀ kùtù ni mo ń sùn lọ́pọ̀ ìgbà torí iṣẹ́, ẹ̀yìn ni mo sì máa ń fi lélẹ̀. Kò sí jẹnẹrétọ̀ nítòsí. Mi ò tíì lè sọ pé mo gbàgbọ́ o. Ti Shackleton yẹn ni mo ṣì ń rò, torí kò sígbà tí mo bi ara mi rí pé kí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kò fẹ́ ire.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Kò pọn dandan kó o parí ti Ọlọ́run kó o tó tún oorun ṣe. Ṣé o máa ń ṣàdédé sùn lọ lójú ọ̀sán, àbí kí orúnkún ẹ yẹ̀ tó o bá rẹ́rìn-ín gan-an? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ àìsàn oorun tí wọ́n ń pè ní narcolepsy, lọ rí dókítà, oògùn wà. Tó o bá ń gbọ́ ohùn lójú mọ́mọ́, pàápàá tó bá ń pàṣẹ pé kó o ṣe ara ẹ tàbí ẹlòmíì léṣe, má dúró rárá, lọ lọ́jọ́ yẹn, kó o mú ẹnì kan dání.

Ẹni tó ní ìbéèrè:

Rárá mà, kò sí ohùn. Mi ò kì í sùn lọ lọ́sàn-án, ó kàn máa ń rẹ̀ mí ni.

Ajíhìnrere:

Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí ìrònúpìwàdà o. Àmọ́ lọ sùn dáadáa ná.

Oníyèméjì:

Èmi àti Ajíhìnrere fẹnu kò lónìí, ẹ bá mi kọ déètì sílẹ̀.