Mo jẹ Bàbá Sàlá lówó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá Bàbá Sàlá aláwàdà jẹun, tẹ́ ẹ bá a ya fọ́tò, ẹ kú oríire o. Tèmi ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fojú rí i, gbèsè ló sì wà láàárín àwa méjèèjì.

Rélùwéè Láfẹ́nwá, ní Abẹ́òkúta, ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́. Wọn kì í rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á jẹ láfún wọn pẹ̀lú ewédú, wọ́n á gbé rédíò sétí, ó parí. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá fúnra rẹ̀, nìkan ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Mo tó bí ọmọ ọdún méje nígbà tí wọ́n mú mi lọ wo eré Aláwàdà ní gbọ̀ngàn kan ní Aké.

Má bi mí léèrè ìtàn eré ọ̀hún, mo ti gbàgbé. Ohun tí n kò gbàgbé ni pé ọkùnrin náà kò tíì la ẹnu tí gbogbo ilé ti ń hó. Ó kàn yọjú láti ẹ̀yìn aṣọ, ó fi awò ojú rẹ̀ tó tóbi bí àwo ọbẹ̀ wò wá láti ìjókòó iwájú dé ti ẹ̀yìn, bí ẹni tó ń ka iye tó wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà. Aago orí tábìlì ló sọ di aago ara. Ó mì í, ó gbé e sétí, ó tún mì í. Gèlè já lórí obìnrin iwájú wa. Bàbá mi ń gbá mi lẹ́yìn: "O rí i? O rí i?" Àfi bí ẹni pé àwọn ni wọ́n bí i.

Lójú ọ̀nà ilé ni mo ti gbọ́ pé olórin ni tẹ́lẹ̀, pé inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Sunny Adé ti ta gìtá kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Láti orí tẹlifíṣọ̀n WNTV Ìbàdàn ni bàbá mi ti ń tẹ̀ lé e, lójú fèrèsé aládùúgbò.

Sinimá rẹ̀, Ọ̀run Móoru, jáde ní 1982. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó ni sinimá ló ń gbé e kiri ìlú, owó ẹnu ọ̀nà ló fi ń san ohun tó yá. Àwọn olè ṣe ẹ̀dà tirẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì tà á káàkiri. Èmi ò mọ̀yẹn. Ọmọ fọ́ọ̀mù kejì ni mí, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ọjà Láfẹ́nwá, ogún kọ́bọ̀ lẹ́nì kan. Àwòrán ń gbọ̀n, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, a sì rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn wá.

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sín in jẹ fún bàbá mi. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé rédíò kúrò létí.

"Ta lo san owó fún?"

Mo ní ẹni tó ni fídíò ni.

"Ṣé òun ni Bàbá Sàlá?"

Wọn ò nà mí. Ì bá sàn. Wọ́n kàn ní, "Ìjẹ̀ṣà tó yẹ kó wá ṣe òṣómàáló sẹ́nu ọ̀nà yín, kó lóṣòó títí ẹ ó fi san án, ẹ̀yin lẹ jà á lólè." Wọ́n gbé rédíò padà sétí.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ bí àdánù yẹn ṣe wọ̀ ọ́ lára tó. Síbẹ̀ kò jókòó: Ààrẹ Àgbáyé dé ní 1983, Mosebọ́látán náà tẹ̀ lé e. Lójú tèmi, ahun tó ń ṣe lórí ìtàgé kì í ṣe àpárá lásán. Ta ni kò ní irú ẹ̀gbọ́n bàbá bẹ́ẹ̀ nínú agboolé?

Ó kú ní Iléṣà ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀wàrà 2018, lẹ́ni ọdún 82. Bàbá mi ti ṣáájú. Lọ́sẹ̀ yẹn, ní Kútọ̀, mo kan ọmọkùnrin kan tó ń kó fíìmù sínú mẹ́mọ́rì káàdì fún èèyàn. Ó ní òun ní gbogbo ti Bàbá Sàlá, igba náírà.

Mo ní, "Ta ni n ó san owó fún?"

Ó wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá.

"Èmi ni, Dádì."