Ipa ìtọ́kasí ni, kì í ṣe ipá ìtọ́kasí

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lórí bí a ṣe lè ròyìn iṣẹ́ póòfẹ́sọ̀ orthodontics ní Yorùbá, ìyẹn àwọn dókítà tó ń fi bréèsì to eyín, pé àpilẹ̀kọ mélòó ló ti kọ àti ẹ̀ẹ̀melòó làwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti tọ́ka sí i. Gbólóhùn tí wọ́n fi ṣàpẹẹrẹ ni "ipá ìtọ́kasí rẹ̀ pọ̀". Mo ní àmì tó wà lórí a yẹn ò yẹ níbẹ̀, wọ́n ní àmì kékeré kọ́ ló yẹ kó dá wa dúró. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, inú àmì kékeré yẹn lọ̀rọ̀ wà.

Ipa, ipá, ìpá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bára wọn tan. Ipa lohun tí ẹsẹ̀ fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ẹlòmíì ń tọ̀. Ipá la fi ń ti nǹkan, òun náà la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ò fẹ́ fún wa. Ìpá, àìsàn ọkùnrin nìyẹn, n ò dé ibẹ̀. Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà lokùn ń tọ̀, ohun tí ìtọ́kasí jẹ́ gan-an nìyẹn, ẹnì kan ti kọjá níwájú, èmi náà ń gba ibẹ̀, mo wá ń sọ fún òǹkàwé pé ẹni tó lànà rèé. Ta ló fipá mú mi?

Àwọn kan tilẹ̀ wà tó máa ń yẹ iṣẹ́ ẹlòmíì wò kí jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀, tó gbé e jáde, tí wọ́n á ní àfi kí ẹni yẹn tọ́ka sí iṣẹ́ tiwọn kó tó kọjá. Ìyẹn ni ká pè ní ipá ìtọ́kasí, ó sì burú.

Ohun tó tún dùn mí jù ni pé nínú ìmọ̀ eyín yìí kan náà, ipá ti níṣẹ́ tiẹ̀ tó ń ṣe. Wáyà bréèsì ń fi ipá ti eyín, egungun tó wà níwájú níbi tí eyín ń lọ á máa jẹ dànù, tuntun á máa hù lẹ́yìn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ leyín ṣe ń rìn. Tí ipá bá pọ̀ jù, gbòǹgbò eyín lè jẹ kó kúrú. Àwọn onímọ̀ yìí ń kọ àpilẹ̀kọ lórí ipa tí ipá wáyà ń ní lára eyín. Ẹ wá bá mi kọ gbólóhùn yẹn pẹ̀lú ipá méjì kí n rí i.

Ẹ wo Edward Angle, ọmọ Amẹ́ríkà tó pín eyín tí ò pàdé dáadáa sí ìsọ̀rí mẹ́ta lọ́dún 1899. Títí dòní wọ́n ṣì ń pe ìsọ̀rí yẹn mọ́ orúkọ ẹ̀, ọ̀pọ̀ ò sì tiẹ̀ kọ àpilẹ̀kọ 1899 yẹn sínú ìwé ìtọ́kasí wọn mọ́. Ipa ẹsẹ̀ ẹ̀ ti di títì, ta ló tún ń ka ẹsẹ̀ lórí títì? Lawrence Andrews, dókítà bréèsì ọmọ Amẹ́ríkà, náà wo àwòṣe eyín 120 tí wọn ò fi bréèsì tò rí, ó gbé kọ́kọ́rọ́ mẹ́fà jáde lọ́dún 1972, ìyẹn ohun mẹ́fà tí a fi ń mọ eyín tó tò dáadáa, àwọn tó gbà fún un àtàwọn tó ń bá a jiyàn ló jọ ń tọ́ka sí i. Ẹni tó tọ́ka síṣẹ́ láti ta kò ó, ẹ̀rọ tó ń ka ìtọ́kasí á ṣì kà á mọ́ ọn. Ipa ni, ó dáa tàbí kò dáa.

Ní ti atọ́ka h (h-index) tí onímọ̀ físíìsì Jorge Hirsch gbé kalẹ̀ lọ́dún 2005 láti fi nọ́ńbà kan ṣoṣo wọn àpilẹ̀kọ ẹni àti ìtọ́kasí wọn, mo fara mọ́ "atọ́ka". Ẹni tó ní àpilẹ̀kọ márùn-ún tí wọ́n tọ́ka sí nígbà 50, 12, 7, 4 àti 1, h tiẹ̀ jẹ́ 4, torí pé mẹ́rin ló ní ó kéré tán ìtọ́kasí mẹ́rin mẹ́rin. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi h onímọ̀ eyín wé ti àwọn tó ń wádìí jẹjẹrẹ, àwọn tó ń kọ̀wé níbẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ fíìfíì.

Bàbá tó kọ́ mi lámì ohùn, tí mo bá fo àmì kan, wọn ò ní bá mi wí, wọ́n á kàn ka ohun tí mo kọ sókè bí mo ṣe kọ ọ́, ojú á sì tì mí. Ó wù mí kí wọ́n ka "ipá ìtọ́kasí" yìí sókè fún wa.

Ẹni tó ní "ìtò-eyín" tí mo dá lábàá fún orthodontics jọ ìtọ̀ létí, ètò ńkọ́, ṣé òun náà jọ ọ́? Tò lọ̀rọ̀-ìṣe náà, ohùn ẹ̀ kàn ń gòkè díẹ̀ tó bá pàdé ọ̀rọ̀-orúkọ ni, to eyín. Tiyín, "ìtọ́-eyín", ẹ gbé àmì ìsàlẹ̀ orí ì yẹn kúrò kẹ́ ẹ wo ohun tó kù. Itọ́ ni. Ẹ ní tọ́ tó wà nínú "tọ́ ọmọ" lẹ ní lọ́kàn, mo gbọ́, ó tiẹ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n èwo nínú eyín ló ń gbọ́ ìbáwí? Mo ń retí èsì yín lórí ìyẹn.