Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, màmá wa fẹ̀yìntì, a fẹ́ jẹun alẹ́ létí òkun

ỌmọẸkùn (Àkúrẹ́)

Ẹ ǹlẹ́ níbí o ẹ̀yin èèyàn mi. Tíṣà ni màmá wa, ọdún 35 ni wọ́n fi ṣe é, oṣù tó kọjá ni wọ́n fẹ̀yìntì. Àwa ọmọ mẹ́rin ti dá owó jọ, ṣùgbọ́n a ò fẹ́ pátì tó jẹ́ pé a ó gbé kánópì dí àdúgbò pa tí ẹni tí a ò mọ̀ rí á tún wá di ráìsì sínú láílọ́ọ̀nù lọ sílé. Ohun tí a ń fẹ́ ò ju pé kí gbogbo wa jókòó, àwa mọ́kànlá pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, ká jẹun alẹ́ létí òkun kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí màmá lára. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, tí wọ́n bá ti fi òkun hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, màmá á dákẹ́, wọn á wá ní "omi tó pọ̀ tó báyìí, kò sì ṣeé mu." Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tíì fojú rí òkun, Bar Beach ni, nígbà tí wọ́n ṣì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí wọ́n tó da yanrìn dí ibẹ̀ tí wọ́n sọ ọ́ di Eko Atlantic.

Ibi tí ìjà wà rèé. Bọ̀dá mi ní Èkó la máa lọ, kò sí àríyànjiyàn. Àbúrò mi ní ṣebí ìpínlẹ̀ Oǹdó náà ní òkun, kí ló dé tí a ò lè lọ sí Ìlàjẹ? Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ o, mi ò débẹ̀ rí, òkè Ìdànrè lèmi mọ̀ ní tèmi. Owó tó wà nílẹ̀ ₦600,000, owó mọ́tò wà nínú ẹ̀. Orúnkún sì ń dun màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó dáhùn.

ÌyàwóAjah

Ẹ kú oríire o, màmá á jẹun ọmọ pẹ́. Èmi àtọkọ mi ṣe irú ẹ̀ fún bàbá ọkọ mi ní ọdún méjì sẹ́yìn, níbì kan létí òkun l'Ékòó níbí tí mi ò ní dárúkọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ojú tí mo rí kí tiyín lè dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ká san ìdajì owó sílẹ̀, a san. A dé géètì, wọ́n tún gba owó lórí wa lọ́kọ̀ọ̀kan títí kan ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń sùn léjìká mi. Kéèkì tí a gbé dání, wọ́n ní a máa san kọ́kéèjì, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà lórí ohun jíjẹ mímu tí èèyàn bá gbé wá láti ìta. Wáìnì, kọ́kéèjì. Mo ní ṣé kò sí kọ́kéèjì lórí bàbá tí a gbé dání?

Àga oníke ni wọ́n tò sórí yanrìn fún wa. Bàbá jókòó báyìí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àga bẹ̀rẹ̀ sí í rì, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, bàbá ń lọ sẹ́yìn bí ẹni tí oorun ń gbé lọ, agbádá bò wọ́n lójú, fìlà ṣubú, gbogbo wa dìde pọ̀. À ń fi ṣe ẹ̀rín báyìí ṣá, lọ́jọ́ náà kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹja tí a ní kí wọ́n yan láago márùn-ún, aago méje kọjá kó tó jáde, ilẹ̀ ti ṣú, jẹnẹrétọ̀ tún wá dákẹ́, iná fóònù la fi ń wá egungun lẹ́nu ọmọ. Bíìlì wá dé, VAT 7.5% wà níbẹ̀, sáfíìsì cháàjì wà níbẹ̀. Sáfíìsì wo?

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ l'Ékòó, ẹ bèèrè gbogbo ẹ̀ kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́: owó géètì, kọ́kéèjì, bóyá sáfíìsì cháàjì ti wà nínú iye tí wọ́n pè. Ẹ ní kí wọ́n tẹ́ tábìlì yín sórí pákó tàbí sìmẹ́ńtì lábẹ́ òrùlé, kì í ṣe orí yanrìn, nítorí orúnkún màmá. Ẹ bèèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà àti iye àtẹ̀gùn tó débẹ̀. Tí wọ́n bá ṣí fíríjì tí wọ́n ní kí ẹ mú ẹja tó wù yín, ẹ má nàka sí i kí wọ́n tó sọ iye ẹ̀. Ẹ má wá lọ́jọ́ Sunday o, spíkà á di yín létí, màmá ò ní gbọ́ òkun rárá. Tí ẹnì kan bá sì fi fídíò etí òkun Landmark àtijọ́ hàn yín, 2024 ni wọ́n ti wó púpọ̀ níbẹ̀ nítorí títì Èkó sí Calabar.

BàbáÌbejì_Ọ̀báIlé

Ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún lórí ẹja. Ẹ ra sólà fún ìyá kí wọ́n máa fi fáànù sùn jàre. Atẹ́gùn náà nìyẹn.

ỌmọẸkùn (Àkúrẹ́)

@BàbáÌbejì sólà ti wà lórí ilé láti ọdún tó kọjá sà.

BàbáÌbejì_Ọ̀báIlé

Ah. Mo tọrọ gáfárà. Ẹ máa jẹ ẹja yín lọ.

ỌmọOdò

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí kí àbúrò yín má bàa fi ẹnu ìfẹ́ kó yín dé ibi tí ẹ ò rò. Ẹ ó gba Oǹdó, ẹ ó gba Ọ̀rẹ̀, Òkìtìpupa, ẹ ó dé Igbókòdá, ibẹ̀ ni mọ́tò máa já yín sí tó bá jẹ́ ọ̀nà Àyétòrò, ìlú wa létí òkun, lẹ ń lọ, ọkọ̀ ojú omi ló kù. Láti orí pákó èbúté bọ́ sínú ọkọ̀ yẹn, ìṣísẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó ga, ẹ wá ọmọkùnrin méjì tó gbọnrangandan tó máa di màmá lápá mú. Gbogbo yín ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kódà kí ẹlẹ́ńjìnnì sọ pé kò pọn dandan. Ẹ má fi alẹ́ ṣe é rárá, oúnjẹ ọ̀sán ni kí ẹ sọ ọ́ dà, kí ẹ ti padà dé Igbókòdá kí oòrùn tó wọ̀.

Rẹsitọ́ràǹtì tí ẹ ń rò yẹn, kò sí lọ́dọ̀ tiwa. Oúnjẹ ló wà. Ẹja tó ṣì ń fò nínú agbọ̀n, akàn, edé tútù, ẹ ó rà á lọ́wọ́ ẹni tó pa á, ìyá kan á sè é lójú yín. Ẹ ní kí wọ́n fi pupurú gbé e wá. Ẹ̀yin ará òkè ò mọ pupurú, ẹ̀gẹ́ ni, wọ́n á rẹ ẹ́ títí á fi kan, wọ́n á fún omi ẹ̀, wọ́n á mọ ọ́n roboto bí orí ọmọ tuntun, wọ́n á tò ó sókè iná kí èéfín yá a gbẹ. Tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọ́n á ha ẹ̀yìn dúdú yẹn dànù, inú á funfun, wọ́n á gún un, wọ́n á rò ó bí ẹni ro àmàlà. Òórùn èéfín yẹn ò ní kúrò lára ẹ̀, òun gan-an ladùn ẹ̀. Ọbẹ̀ marúgbó ni kí ẹ fi jẹ ẹ́, ó dúdú tó jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní ó ti jóná.

Kí ẹ tó dé, ẹ mọ ohun kan. 1947 ni wọ́n tẹ Àyétòrò dó, iná ti wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan àtùpà. Ilé tí wọ́n bí bàbá mi sí ti wà lábẹ́ omi báyìí. Ibi tí mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní kékeré, ọkọ̀ ló ń kọjá lórí ẹ̀. Ẹ̀yin ń wá etí òkun tí ẹ ó ti jẹun, tiwa, òkun ló ń jẹ wá. Mi ò fi lé yín sẹ́yìn o, ẹ wá, owó yín á wúlò fún àwọn ìyá ibẹ̀. Ẹ má ṣáà wá lásìkò òjò tí omi máa ń ru. December sí February ló dáa.

AlákéèkìÌjàpọ̀

Èmi ń ṣe kéèkì l'Ákùúrẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ kéèkì nìkan ni màá sọ. Ẹ má gbé bọ́tà kírímù wọ mọ́tò lọ sí Èkó tàbí Igbókòdá, á ti di ọbẹ̀ kí ẹ tó kọjá Ọ̀rẹ̀. Kéèkì lásán tí kò ní nǹkan lórí, tàbí fúrúùtì kéèkì. Ẹ má sì dà ara yín láàmú pẹ̀lú àbẹ́là, atẹ́gùn òkun ò gbà. Kọ́sítọ́mà mi kan lo ìṣáná odindi páálí kan, wọ́n padà fi ẹnu ṣe "fùú" lásán.

ỌmọẸkùn (Àkúrẹ́)

Ẹ ṣé gan-an. Mo gbé fóònù lọ bá màmá fúnra wọn, mo ka gbogbo ẹ̀ sí wọn létí. Ti Èkó, wọ́n ní "ṣé kí yanrìn wọ inú ọbẹ̀ mi, kí n tún sanwó fún un?" Bí mo ṣe kan pupurú báyìí, màmá bọ́ awò ojú, wọ́n ní kí n tún un kà. Èmi ò mọ̀ o, pé Òkìtìpupa ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọn lọ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, pé ìyá onílé wọn níbẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n dáná, pupurú àti marúgbó ni lálaalẹ́. Wọ́n ní "ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti jẹ ẹ́ kẹ́yìn." Mo ní orúnkún ńkọ́? Wọ́n ní orúnkún tó gun àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún 35, ọkọ̀ ojú omi ló fẹ́ pa á?

Bọ̀dá mi ti gbà, inú ẹ̀ ò dùn ṣùgbọ́n ó ti gbà. December ni. A máa sun Òkìtìpupa mọ́jú kí agara má dá màmá, a ó sì wọ omi láàárọ̀. @ỌmọOdò ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa gún pupurú fún èèyàn mọ́kànlá?

ỌmọOdò

Àǹtí mi. Ẹ kọ iye àwọn tí kì í jẹ ata sílẹ̀ fún mi, nítorí wọn ò ní bi yín níbẹ̀.